Eyín Kò Sí Nínú Ìṣírò Mi

Ọ̀pọ̀lọ́ kan ni kò jẹ́ kí n ṣe ìtẹ̀bọmi títí mo fi pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo mọ̀ pé àwáwí yìí kò lè dúró níwájú ìtẹ́ ìdájọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ìyá mi ti wọ aṣọ funfun kan fún mi tó ń wọ́ nílẹ̀, mo ti há gbogbo ìdáhùn sórí, mo sì ti tò sẹ́yìn ọkùnrin kan tí òtútù ti ń mú kó tó débi omi. Láyé ìgbà yẹn, mai ruwa, àwọn tó ń ti ọmọlanke tí kẹ́ẹ̀gì omi kún inú rẹ̀ kiri Minna, ni ìjọ wa máa ń pè kí wọ́n wá da omi kún kòtò ìtẹ̀bọmi. Ọlọ́run ló mọ odò tí wọ́n ti pọn ti ọjọ́ náà, torí ó pọ́n bí omi tí àgbẹ̀ fi fọ ẹsẹ̀. Bó ṣe kàn mí kí n sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan yọjú láti ìsàlẹ̀, ó wò mí dáadáa, ó sì tún padà sílé. Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi tí ẹ̀rù bá bà mí. Mo sọ fún pásítọ̀ pé, "Wallahi, ba zan shiga ba," pé mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ní wọ̀ ọ́. Mo ká aṣọ mi sókè, mo sì gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni ìtẹ̀bọmi ti di ọ̀rọ̀ ìjà láàárín èmi àti bàbá mi. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣe é, lọ́dọọdún ni mo sì ń rí nǹkan sọ. Mo ní ìdánwò. Ibà ń ṣe mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun. Ìjọ wa kì í fún ẹni tí kò tíì ṣe ìtẹ̀bọmi ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nítorí náà, tí àwo bùrẹ́dì bá ti ń bọ̀ lórí ìlà wa, màá gbà á lọ́wọ́ ìyá mi, màá sì gbé e fún ẹni tó kàn, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní búkà. Ìyá mi á tẹjú mọ́ iwájú bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Bàbá mi kì í wo iwájú ní tiwọn, èmi ni wọ́n máa ń wò.

Púlọ́ńbà ni bàbá mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé àpò irinṣẹ́ kan wá sí Minna kí wọ́n tó bí mi, iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì fi rán mi lọ sí yunifásítì. Ohun tó dùn wọ́n jù nínú ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ kì í ṣe pé mo sá. Wọ́n ní àwọn ń fa omi tó mọ́ sí ilé àwọn ẹlòmíràn káàkiri ìlú, kí ó wá jẹ́ pé omi ìdọ̀tí ni wọ́n gbé síwájú ọmọ àwọn nínú ilé Ọlọ́run. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè bá wọn sọ ọ́, títí kan ibi tí wọ́n ti máa ń mí kanlẹ̀.

Ní ilé wa ní Sauka Kahuta, òkìtì páìpù irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tapólì ni bàbá mi fi bò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rà wọ́n jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì ń pè wọ́n ní páìpù Ògbómọ̀ṣọ́, torí ilé tí wọ́n máa kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń tọ́jú wọn dè. Ilé náà kò tíì ní ìpìlẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù rẹ̀ ti pé. Orí òkìtì yẹn ni mo ti ń jẹun láti kékeré, ibẹ̀ náà ni mo ti kàwé fún ìdánwò tó gbé mi wọ yunifásítì. Mo sì mọ bí bàbá mi ṣe ń yan páìpù. Wọ́n á fi orí sípánà kàn án, wọ́n á gbé etí sí i. Èyí tó nípọn á dún gbòò, èyí tó fẹ́lẹ́ á dún kéń. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi èékánná àtàǹpàkò wọn lé ẹnu rẹ̀, wọ́n á wo bí irin náà ṣe tó sí i. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kò jù bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún márùn-ún kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, mo ka gbogbo ìyẹn sí eré àwọn ará àtijọ́.

Nígbà tí ìjọ wa ní Maitumbi wá gbẹ́ bóhòlù, wọ́n gbé táńkì ńlá kan sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn, kí omi lè máa fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sínú kòtò ìtẹ̀bọmi. Ó wá ku páìpù. Oníke kò ṣeé lò, torí kò sí bí èèyàn ṣe lè rì í mọ́ inú àpáta, lọ́dọọdún sì ni iná ìgbẹ́ máa ń jó ẹ̀gbẹ́ òkè náà nígbà ọyẹ́. Irin la máa lò. Ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ, bàbá mi dìde, wọ́n ní páìpù tó lára ni kí ìjọ rà, irú èyí tó wà nílé àwọn. Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ọkùnrin kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, fò sókè.

"Daddy, haba! Ta ló máa gbé irin yẹn gun òkè? Dat tin heavy die!"

Ẹnu mi ló kó mi sí i. Mi ò sí nínú ìgbìmọ̀, bàbá mi ni mo bá wá. Mo na ọwọ́, mo ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fojú díwọ̀n nǹkan tó ní ìṣírò. Mo ní bóyá páìpù tó fẹ́lẹ́ tó sì fúyẹ́ á gbé omi náà, kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Alága ìgbìmọ̀, díákónì kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ tó sì fẹ́ràn kí ọmọdé máa sọ̀rọ̀ bí ìwé, ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń lò mí. Bàbá mi wò mí, wọ́n sì jókòó.

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Èmi kò gun igi. Àpáta ni mo gùn, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, mo sì wọ̀n ọ́n: ọgọ́ta mítà ni láti ìdí táńkì wálẹ̀ dé kòtò ìtẹ̀bọmi. Gíga yẹn ló ṣe pàtàkì. Kì í ṣe bí omi ṣe pọ̀ tó ló ń ti ara páìpù, bó ṣe ga tó ni. Táńkì kékeré tó wà lókè réré á tì í ju adágún ńlá tó tẹ́ sílẹ̀ lọ. Ìṣírò tó kù kò le. Ẹ ó fi agbára tí omi fi ń tì sọ ìfẹ̀ páìpù di púpọ̀, ẹ ó wá fi ìlọ́po méjì ohun tí irin lè fara dà pín in. Èyí tó bá jáde ni bí ara páìpù ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kí ó má baà bẹ́. Tèmi jáde, kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà. Èékánná mi nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tún un ṣe, iye kan náà ló jáde. Mo wá fi mílímítà kan kún un nítorí ìpẹtà, mo fi díẹ̀ sí i nítorí ọjọ́ tí ẹnì kan bá ti báàfù, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń tì í, pa lójijì tí omi sì forí gbá ara páìpù. Síbẹ̀ kò tíì pé méjì. Mo sọ ọ́ di méjì géérégé kí àwọn díákónì lè rí oorun sùn. Mílímítà méjì, nígbà tí ti bàbá mi lé ní mẹ́ta ààbọ̀! Mo ronú nípa gbogbo irin tí ọkùnrin yìí ti gbé gun òkè ilé onílé láti ọjọ́ yìí láìnídìí, àánú wọn ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ ni, àánú. Ẹ̀kọ́ ìwé lè sọ èèyàn di aláìmoore láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ka ìṣírò náà fún ìgbìmọ̀ pẹ̀lú àwòrán. Bàbá mi gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Níbo ni n ó ti gé eyín?"

Eyín tí wọ́n ń sọ ni ojú yíyí tí púlọ́ńbà máa ń gé sí ẹnu páìpù, bí ti ẹnu ìgò, kí ó lè yí wọ inú ìsopọ̀. Irin tí a bá gé sọnù níbẹ̀ ti lọ nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ púlọ́ńbà ni mí, inú ìyẹ̀fun irin tó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rá. Ṣùgbọ́n ìwé mi ti mọ́ tónítóní, mo ti wọ aṣọ tó dára, gbogbo ojú sì wà lára mi.

"Bàbá, eyín kò sí nínú ìṣírò mi."

Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Alága fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ń nu omijé ojú rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ torí èjìká rẹ̀ ti rí ìdáǹdè. Wọ́n fọwọ́ sí páìpù tèmi lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ní bàbá mi ni kó tò ó.

Kẹ̀kẹ́ la wọ̀ padà sí Sauka Kahuta. Ìgbà tí ìyá mi gbé oúnjẹ kalẹ̀ ni bàbá mi dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Ínjíníà, páìpù rẹ yẹn máa bẹ́."

"Kò ní bẹ́, Bàbá."

"Á bẹ́ lẹ́nu eyín. Jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Bí ó bá bẹ́, wàá wọ omi. Wàá ṣe ìtẹ̀bọmi lọ́dún yìí, láìsí ibà, láìsí irun dídì."

"Bí kò bá wá bẹ́ ńkọ́?"

Bàbá mi fọ ọwọ́ wọn, wọ́n fi ara balẹ̀ fọ̀ ọ́. "Mi ò ní dárúkọ ìtẹ̀bọmi fún ọ mọ́ títí wọ́n á fi sin mí."

"Kai!" Ìyá mi gbé ṣíbí kalẹ̀. "Tẹ́tẹ́ lẹ̀yin méjèèjì ń ta nídìí oúnjẹ yìí?"

"Onítẹ̀bọmi kì í ta tẹ́tẹ́," ni bàbá mi wí. "Májẹ̀mú ni."

Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba májẹ̀mú náà bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Nínú ọkàn mi, mo ti ń rí ọgbọ̀n ọdún àlàáfíà níwájú. Ìyá mi ní kò sí èyí tó gbọ́n nínú wa, ó sì bu ẹran kún oúnjẹ bàbá mi.

Èmi àti bàbá mi la jọ lọ ra páìpù lọ́wọ́ Alhaji kan tí wọ́n ti ń bá ra nǹkan kí n tó dáyé. Mo ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára páìpù náà: mílímítà méjì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Irinṣẹ́ tí mo fi ń wọn ìnípọn wà nínú báàgì mi, mi ò yọ ọ́. Kí ni mo tún fẹ́ wọ̀n nígbà tí ẹni tó ṣe é ti kọ ọ́ sí i lára? Bàbá mi fi sípánà kàn án. Kéń. Wọ́n gbé èékánná lé ẹnu rẹ̀, wọ́n sì wo ojú Alhaji.

"Baba, wannan ai takarda ce," ni Alhaji wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwé pélébé lèyí, kì í ṣe irin.

"Alhaji, an yi lissafi," ni mo dá a lóhùn, pé a ti ṣe ìṣírò rẹ̀.

"To," ni Alhaji wí. "Allah ya taimaka." Ó gbàdúrà fún wa, ó sì pe àwọn tó máa kó o sínú ọkọ̀.

Ọjọ́ kejì, ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rán mi lọ sí Abuja fún ọ̀sẹ̀ méjì. Inú mi dùn pé n kò ní sí nílé nígbà tí bàbá mi bá ń kùn lórí àpáta. Tí mo bá pè wọ́n, màá ní báwo ni páìpù mi. Wọ́n á ní ó ń lọ. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn láìjà yẹn ì bá ti fu mí lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbà pé òun gbọ́n, nǹkan kì í fu ú lára.

Ọjọ́ tí a ya omi náà sí mímọ́, alága ti jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìn pé ìṣírò iṣẹ́ omi náà wá láti ọwọ́ ọmọbìnrin ìjọ, Ínjíníà, orúkọ mi sì tẹ̀ lé e ní lẹ́tà gàdàgbà. Orúkọ bàbá mi kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà nídìí báàfù lẹ́yìn kòtò, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, wọ́n ń retí àṣẹ. Mo gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn, èmi tí n kì í gbàdúrà ju ti orí oúnjẹ lọ. Wọ́n ṣí i. Afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ fọn jáde, lẹ́yìn náà omi dé, ó mọ́ gaara, ó ń ya wálẹ̀, ìjọ sì gbé orin. Páìpù kò bẹ́. Ó yẹ kí n fi mọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ké sí bàbá mi níwájú gbogbo èèyàn, mo ní kí wọ́n ti báàfù náà pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n jẹ́ ká rí agbára rẹ̀. Bàbá mi di báàfù náà mú. Wọ́n tì í pa. Omi forí gbá páìpù, ilẹ̀ mì lábẹ́ wa, kò sì sí ohun tó jò níbì kankan.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó ní, "Aunty, your light pipe no light o." Mo ní ọ̀lẹ ni. Nígbà tí ìsìn parí, bàbá mi wá bá mi níbi tí mo ti ń gba ìkíni.

"O borí," ni wọ́n wí. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń lọ.

Bàbá mi mú àdéhùn náà ṣẹ. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́rin kọjá, ọ̀rọ̀ ìtẹ̀bọmi kò jáde lẹ́nu wọn. Tí àwo bùrẹ́dì bá kọjá lọ́wọ́ mi, wọ́n á bojú wo òkè àjà. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, kò sì dùn mọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ìjà yẹn ni ọ̀nà tí bàbá mi fi ń bá mi sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó dópin, ó ku "Ẹ káàárọ̀" àti "Ṣé o ti jẹun?" láàárín wa. Mo gbìyànjú láti tọ́ wọn níjà. Mo ní omi inú kòtò yẹn mà tutù o, Bàbá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ìgbà ọyẹ́ ló dé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé àwo ẹ̀wà mi lọ sórí òkìtì páìpù Ògbómọ̀ṣọ́ láti yá oòrùn. Bí mo ṣe ń jẹun ni mo ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé lu ẹnu páìpù tó yọ jáde lábẹ́ tapólì láìròtẹ́lẹ̀. Kéń. Mo dúró. Mo lu òmíràn. Kéń. Òkìtì yẹn ti wà lábẹ́ ìdí mi láti ìgbà tí mo ti ń rìn, n kò gbọ́ kí ó dún bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé ẹ̀wà kalẹ̀, mo ṣí tapólì.

Páìpù mi ni, pẹ̀lú ọ̀dà tí wọ́n fi kọ mílímítà méjì sí i lára. Bàbá mi ti tò wọ́n bí àwọn tàtijọ́ ṣe wà gẹ́lẹ́. Lára wọn ni mo ti rí méjì tí wọ́n gé eyín sí lẹ́nu: ibi tí eyín náà dé ni irin ti ya, ó ká jáde bí etí ìwé. Mo sáré lọ mú irinṣẹ́ mi, mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà ti purọ́. Kì í ṣe méjì, mílímítà kan àti ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni. Mo wọn ìjìn eyín náà: kan àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́wàá. Ohun tó kù lẹ́nu páìpù kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Omi nìkan ń béèrè ju ìyẹn lọ nínú ìṣírò tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, ká tó sọ pé a fẹ́ fi báàfù ṣe fújà níwájú ìjọ. Ì bá ti bẹ́ lójú gbogbo ayé.

Ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ń bẹ iṣu. Ó wo tapólì tó wà nílẹ̀, ó wo ojú mi.

"O ti rí i," ni ó wí. "Lẹ́yìn tí o lọ Abuja ni bàbá rẹ gé èyí àkọ́kọ́, ó ya. Wọ́n gé ìkejì, ó ya. Wọ́n wọlé wá bá mi, wọ́n ń fò bí ọmọdé, wọ́n ní kí n lọ ra aṣọ funfun sílẹ̀. Wọ́n ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì àwọn á gbé páìpù tó ya lọ han ìgbìmọ̀."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Alága ló mú ìwé ètò ìsìn wá lọ́jọ́ náà kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ ní kí n ka ibi tí orúkọ rẹ wà fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà. Wọ́n ní kí n ka Ínjíníà yẹn nìkan." Ìyá mi ju èèpo iṣu sínú agbọ̀n. "Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde lọ ṣí tapólì. Wọ́n bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó bá wọn gbé páìpù Ògbómọ̀ṣọ́ gun òkè pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bi mí."

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo gbé páìpù kan tó ya, mo lọ bá bàbá mi lábẹ́ igi dọgóyárò níwájú ilé, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ omi oníbàárà kan ṣe.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ borí."

Bàbá mi wo páìpù náà. "Ta ló ní kí o ṣí tapólì?"

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí ó bẹ́? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ fẹ́ kí n wọ omi ni?"

"Mo fẹ́ kí o wọ omi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín tì ọ́ sínú rẹ̀."

"Páìpù Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ kò sá lọ síbì kankan."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú májẹ̀mú ṣẹ. Wọ́n ní májẹ̀mú kankan kò sí nílẹ̀, páìpù kò bẹ́, mi ò jẹ àwọn ní nǹkan kan. Wọ́n ní kí n bá àwọn na sípánà kékeré tó wà lẹ́yìn mi. Mo na án. Mo ń sunkún, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi, torí wọ́n mọ̀ pé mo kórìíra kí ẹnikẹ́ni rí mi bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ fún wọn kí n tó lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ yìí kì í ṣe ti ayé ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ìtàn náà. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ ní ìjọ yẹn. Ó bi mí léèrè ohun tó mú mi wá lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ti múra láti sọ ohun tí wọ́n máa ń há sórí, kò jáde. Mo ní ẹnì kan ti gba ìtìjú tó jẹ́ tèmi sórí ara rẹ̀, n kò sì mọ̀, mo ń fọ́nnu kiri. Pásítọ̀ ní ìyẹn ti tó, ó sì kọ orúkọ mi. Mo bi í bóyá wọ́n ti yẹ inú kòtò wò fún ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó máa ṣe ìtẹ̀bọmi, tí wọ́n sì ka tèmi, bàbá mi kò wò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, àwọn ló tẹjú mọ́ iwájú, ìyá mi ló ń wò mí.

Mi ò ní purọ́ pé ọ̀run ṣí lọ́jọ́ náà. Omi tutù débi pé mo gbàgbé ìdáhùn méjì nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó mọ́. Mo rí ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nísàlẹ̀ kòtò, mo wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò sí. Pásítọ̀ fi ọwọ́ dí imú mi, ó rì mí, ó sì gbé mi jáde. Ìjọ ń pariwo Halelúyà. Mo nu omi kúrò lójú, mo ń wá bàbá mi láàárín àwọn tó wà níwájú, wọn ò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yìn kòtò ni mo ti rí wọn, níbi tí páìpù Ògbómọ̀ṣọ́ ti gba inú ògiri wọlé. Wọ́n kẹ́yìn sí gbogbo wa, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di páìpù náà mú lójú eyín, wọ́n tẹrí bá mọ́ ọn, èjìká wọn sì ń gbọ̀n. Alága ìgbìmọ̀ sún mọ́ wọn, ó rọra bi wọ́n bóyá ó ń jò.

"Rárá o," ni bàbá mi wí, wọn ò gbé orí sókè. "Kò jò."